ÒṢÙWỌ̀N WO NI A Ó FI WỌN ÒYE?

Bíbélì kíkà: I Àwọn Ọba 3:16–28, Jẹ́nẹ́sísì 27:1–29, I Sámúẹ́lì 1:9–18

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní ìgbà yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ létí àwọn kan nínú wa. Ó jẹ mọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí wọ́n gbé èyí tí a ń pè ní ChatGPT jáde ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú fóònù àwọn ọmọ wa, ó sì ti wọ inú tiwa náà. Bí ẹ bá kọ ìbéèrè sí i, yóò dá yín lóhùn bí ẹni pé ènìyàn ni. Bí ẹ bá kí i, yóò kí yín padà. Bí ẹ bá ní kí ó kọ àdúrà fún ìyá ìjọ tí ó ṣe ọjọ́ ìbí, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ọ́ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa fi ń bi wá pé, "Màmá, ṣé ẹ̀rọ yìí kò ti ní òye báyìí? Ẹ ò rí i bí ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a lé ọmọ tí ó bi wá padà. Ẹni tí ó bá gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ ni òṣùwọ̀n òye, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbà pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa kò ní òye. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú ìjọ wa tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pa lára kí ẹ̀rọ kankan tó dé.

1. IBI TÍ ÒṢÙWỌ̀N NÁÀ TI WÁ

Ní ọdún 1950, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Turing, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tí ó ti béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ronú. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tú àṣírí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rí i pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ohun tí ríronú jẹ́, a kò ní parí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wo inú orí ẹnìkejì rẹ̀. Ó wá gbé eré kan kalẹ̀ dípò àríyànjiyàn náà. Kí ẹnì kan jókòó sí yàrá kan, kí ó máa kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ènìyàn kan àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n wà níbòmíràn. Kò ní rí wọn, kò sì ní gbọ́ ohùn wọn. Èsì tí a tẹ̀ sí ìwé nìkan ni yóò máa kà. Ó rò pé láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ yóò mọ eré yìí ṣe débi pé lẹ́yìn ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn olùbéèrè kò ní lè mọ èwo ni ènìyàn ju ìgbà 70 lọ nínú 100.

Kí a má ṣe fi ọkùnrin yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ó mọ̀ pé àwa onígbàgbọ́ yóò sọ pé ọkàn ni ènìyàn fi ń ronú, àti pé Ọlọ́run nìkan ni ó ń fún ènìyàn ní ọkàn. Bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ka irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sí púpọ̀, ó dá wa lóhùn. Ó ní ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ààlà sí agbára Olódùmarè, bí ẹni pé kò lè fi ọkàn sí ibi tí ó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà ní láárí. Nítorí náà, a kò ní dúró lórí ohun tí Ọlọ́run lè ṣe tàbí tí kò lè ṣe. Ìbéèrè tiwa ni pé: ṣé òṣùwọ̀n náà pé?

Gbogbo wa tí a ń ná ọjà mọ̀ pé kóńgò yàtọ̀ sí kóńgò. Èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú yóò kún lójú wa, yóò sì ga ní òkè, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ilé, gààrí náà kò ní tó bí a ti rò. Ìwé Òwe orí kọkànlá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ó sì fi hàn pé Ọlọ́run kórìíra èyí tí kò pé.

Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wúlò láti fi mọ ohun tí ó wà nínú ọmọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n a tún mọ àkọ́sórí. Ọmọ lè ka ìṣirò onísọdipúpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí orin, kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá wá sọ fún un pé obìnrin méje lọ sí oko, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru iṣu mẹ́jọ bọ̀, kí ó sọ iye iṣu tí ó dé ilé, yóò dákẹ́, yóò máa wo òkè àjà. Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa kò fi ọgbọ́n, ìmọ̀ àti òye pe ohun kan náà. Ìmọ̀ ni ohun tí a gbà wọlé. Òye ni kí ó yé ni. Ọgbọ́n ni kí a mọ bí a ó ti lò ó kí ó lè ṣe ènìyàn ní àǹfààní.

2. AWỌ EWÚRẸ́ LỌ́WỌ́ JÁKỌ́BÙ

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé Ísákì. Ojú baba ti di bàìbàì, ó sì fẹ́ mọ ẹni tí ó dúró níwájú òun. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni kí ó fọwọ́ kan ọmọ náà, nítorí onírun lára ni Ísọ̀. Jákọ́bù ti mọ̀ ṣáájú pé baba òun yóò fọwọ́ kan òun, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀. Rèbékà wá fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé etí Ísákì sọ òtítọ́ fún un, nítorí ó dá ohùn Jákọ́bù mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbà gbọ́, ìbùkún sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò rò.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹni tí a ń wọ̀n bá ti mọ ohun tí a ó wò, ohun náà gan-an ni yóò wá lẹ̀ mọ́ ara. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eré Turing. Ní ọdún 2014, ní ìlú London, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Eugene Goostman mú kí ìdá mẹ́ta kan àwọn adájọ́ rò pé ènìyàn ni. Báwo ni ó ṣe ṣe é? Àwọn tí wọ́n ṣe é sọ pé ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá láti ilẹ̀ Ukraine ni. Bí ó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, àwọn ènìyàn á ní kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Bí kò bá mọ nǹkan, wọ́n á ní ọmọdé ni. Awọ ewúrẹ́ ni ọjọ́ orí náà àti orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i ní òye nípasẹ̀ wọn. Àwọn adájọ́ ni wọ́n dín ohun tí wọ́n ń béèrè kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìdílé rẹ̀ tí í ṣe Júù ti fi Jámánì sílẹ̀ ní 1936, ṣe àlàyé ètò kan tí ó pè ní ELIZA. Ó sọ ọ́ ní orúkọ ọmọbìnrin tí ń ta òdòdó nínú eré Bernard Shaw, Pygmalion, ẹni tí wọ́n kọ́ bí àwọn ọlọ́lá ti ń sọ̀rọ̀ títí àwọn ènìyàn fi gbà á fún ọlọ́lá. ELIZA ń ṣe bí dókítà tí ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn ènìyàn. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó lè ní kí ó sọ sí i nípa ìdílé rẹ̀. Kò mọ ìyá, kò mọ ìdílé. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti kọ́ ọ láti máa wò, ó sì yí i padà di ìbéèrè. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, obìnrin tí ó ti rí i fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, kò sì gbàgbé rẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1976, ó kìlọ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a gbé fún kọ̀ǹpútà, bí ó bá tilẹ̀ lè ṣe wọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, ta ni ó mú ìtumọ̀ wá sínú ọ̀rọ̀ yẹn? Obìnrin náà ni. Ọkàn tirẹ̀ ni ó gbé lé ibi tí ọkàn kò sí. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga California ní San Diego tún eré Turing ṣe, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2025, ẹ̀rọ tuntun kan, GPT-4.5, tí wọ́n ti kọ́ ní irú ènìyàn tí yóò ṣe bí ẹni pé òun jẹ́, ni àwọn olùbéèrè mú gẹ́gẹ́ bí ènìyàn nígbà 73 nínú 100. Ó ju ènìyàn gidi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ELIZA àtijọ́ náà wà nínú ìdánwò yẹn, àwọn olùbéèrè sì mú un ní ènìyàn nígbà 23 nínú 100. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ELIZA ní òye. Nítorí náà, eré yìí ń wọn ẹni tí ń gbọ́ bí ó ti ń wọn ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

3. ÀWỌN OBÌNRIN MÉJÌ NÍWÁJÚ SÓLÓMỌ́NÌ

Báwo ni a ó ṣe wá mọ̀? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ààfin Sólómọ́nì. Obìnrin méjì ń gbé inú ilé kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìbímọ wọn. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ọmọ kan kú. Àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: tèmi ni èyí tí ó wà láàyè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ó fi dá ẹjọ́ náà, títí di òní a kò bá máa jókòó síbẹ̀. Ọba kò wá ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Ó ní kí wọ́n mú idà wá. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wọn gbà kí ọmọ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí ọmọ sáà lè yè.

A lè sọ pé ẹnu náà ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀, àti pé obìnrin kejì ì bá ti sọ ohun kan náà bí ó bá mọ ohun tí ọba ń wá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìyá náà ti wà kí ọba tó bèèrè. Kì í ṣe ìbéèrè ni ó dá a sílẹ̀. Ó ti lóyún rẹ̀, ó ti bí i, ó ti fún un lọ́mú, ó sì ní ohun tí yóò pàdánù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹni lẹ́yìn.

Báwo ni ti ẹ̀rọ? Àwọn tí wọ́n ṣe é kó àwọn ìwé àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ jọ, ní iye tí ẹnì kan kò lè kà tán láyé rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà láti mọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó ṣáájú, wọ́n sì tún fi ìdájọ́ ènìyàn tọ́ ọ sọ́nà kí èsì rẹ̀ lè máa tẹ́ wa lọ́rùn. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ ń yà wá lẹ́nu. Ó lè túmọ̀ lẹ́tà, ó lè ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ, ó lè rí àṣìṣe tí ojú wa fò. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá irú òye kan wà nínú rẹ̀. A kò ní dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn kò tó láti parí ẹjọ́ náà, nítorí láti inú ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ́ ọ. Awọ ewúrẹ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó dé ọrùn, ó sì dé ahọ́n pàápàá.

A tún mọ ohun kan sí i. Ní ọdún 2023, ní New York, àwọn agbẹjọ́rò kan gbé ìwé lọ sí kóòtù, wọ́n sì to àwọn ẹjọ́ àtijọ́ sínú rẹ̀ tí ChatGPT kó fún wọn. Àwọn ẹjọ́ náà kò sí rárá. Ẹ̀rọ ni ó hun wọ́n, ó sì sọ wọ́n bí ẹni tí ó dá ara rẹ̀ lójú. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là. Ta ni ó san án? Àwọn agbẹjọ́rò ni. Ojú kò ti ẹ̀rọ. Oorun kò dá lójú rẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ kan ti wúwo tó, ẹ béèrè ẹni tí yóò dáhùn fún un bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

4. HÁNÀ ÀTI ÀWỌN TÍ A KÒ GBỌ́ OHÙN WỌN

Kóńgò tí kò pé ń ṣe ibi méjì. Ó ń gba ohun tí kò tó wọlé bí ẹni pé ó tó, ó sì ń fi ohun tí ó tó sílẹ̀ níta. Ìdí nìyí tí a fi ka ìtàn Hánà.

Élì jókòó lẹ́bàá òpó tẹ́ńpìlì, ó ń wo ẹnu obìnrin yìí. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí Élì mú lọ́wọ́, obìnrin tí ń gbàdúrà a máa gbé ohùn sókè, nítorí náà ó pinnu pé ọtí ni ó mu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kún tó ti Hánà nínú ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí a yìn nípa Élì ni pé nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé ara rẹ̀, ó gbọ́, ó sì súre fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa àwọn arábìnrin wa. Ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èyí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kì í bi ní ìbéèrè ní ìpàdé mọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ akólòlò, tí a máa ń bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní sùúrù tí baba fi máa jáde? Mósè pàápàá sọ fún Ọlọ́run ní Ékísódù orí kẹrin pé ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu òun, Ọlọ́run sì rán an síbẹ̀síbẹ̀.

Àwọn adití pẹ̀lú. Ní ìgbà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé adití kò ṣeé kọ́. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, wá gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti pè ní òmùgọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kàwé, wọ́n sì ń fi ọwọ́ sọ ohun tí ó wà nínú wọn. Òye wọn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Òṣùwọ̀n ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ǹjẹ́ kò ní jẹ́ ohun ìtìjú bí a bá ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó ní òye nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí a sì ń wo ìyá tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀ bí igi nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́?

5. ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó kan àwa fúnra wa. Ẹ̀rọ náà lè kọ ẹ̀rí fún ìsìn ìdúpẹ́. Yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ìjọ ti dáhùn, yóò fi ẹsẹ Bíbélì sí i, yóò sì parí rẹ̀ pẹ̀lú Àmín. Bí a bá kà á sókè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fura. Kí ni ó wà nínú ẹ̀rí tiwa tí kò sí nínú tirẹ̀? Ohun kan ṣoṣo: pé ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ sí wa, tí a kàn mọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, a kò yàtọ̀ sí i.

Baba wa nínú ìgbàgbọ́, John Wesley, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1741, ó wàásù ní Oxford nípa ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Kristẹni. Ó fi hàn pé ènìyàn lè máa sọ òtítọ́, kí ó máa lọ sí ilé Ọlọ́run, kí ó máa ṣe àánú, kí ó ní gbogbo àwọ̀ ìwà-bí-Ọlọ́run lóde, kí ìfẹ́ Ọlọ́run má sì sí nínú rẹ̀. Ó ní òun náà ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1738, ní òpópónà Aldersgate ní London, ohun tí ó ti ń fi ẹnu wàásù wọ inú ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 1742, ọ̀rọ̀ gbèsè ilé ìsìn ni ó dá a sílẹ̀. Olórí kọ̀ọ̀kan ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan bí ènìyàn méjìlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ti ń ti ilé dé ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ bí àwọn ènìyàn ti ń gbé ní tòótọ́. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ iṣẹ́ olórí kíláàsì láti béèrè bí ọkàn ọmọ ìjọ ti rí. Kì í ṣe èsì ẹnu nìkan ni ó ń gbọ́. Ó ń rí àwọn ọmọ, ó ń rí ìkòkò lórí iná, ó mọ̀ bí tọkọtaya bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Jésù pẹ̀lú ní Mátíù orí keje kò ní kí a fi ohùn mọ àwọn wòlíì èké, èso ni ó ní kí a wò. Èso a máa pẹ́ kí ó tó so. Kò ṣeé wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

6. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a lo ẹ̀rọ yìí bí irinṣẹ́, bí a ti ń lo ọlọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe olórí kíláàsì. Bí ọ̀rọ̀ ilé bá wúwo lóru, a lè fi fóònù náà pe arábìnrin kan tí yóò sunkún pẹ̀lú wa.

Èkejì, nígbà tí a bá ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa, ì báà jẹ́ gbólóhùn méjì. Ẹni tí ó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ opó láìsọ̀rọ̀ ti sọ ju ojú ìwé mẹ́ta lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣọ́ra. Ẹ̀rọ lè fara wé ohùn ọmọ wa báyìí. Bí ohùn kan bá pè yín pé òun wà nínú wàhálà, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì pe ọmọ náà sórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Ẹ rántí Ísákì.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọmọ-ọmọ bá mú iṣẹ́ ilé-ìwé wá tí ó dára jù, ẹ má bínú. Ẹ ní kí ó pa ìwé dé, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí ó sì fún yín ní àpẹẹrẹ mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ní oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀ yìí, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe àbẹ̀wò sí ìyá kan tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kí a bá òun gan-an sọ̀rọ̀, kí a béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì dúró gba èsì láti ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ayé láti ẹnu àwọn wòlíì, ọ̀rọ̀ náà sì dára. Síbẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Jòhánù orí kìn-ín-ní sọ fún wa pé Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé ara wọ̀, ó sì bá wa gbé. Ebi pa á, ó sunkún ní ibojì Lásárù, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáhùn fún gbogbo ohun tí ó sọ. Ohun tí a fi mọ̀ pé òtítọ́ ni nìyẹn. Ohun kan náà ni ayé yóò fi mọ̀ bí ọ̀rọ̀ tiwa bá jẹ́ òtítọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó wà ní ẹ̀ka wa tí a ti ń dá lẹ́jọ́ nítorí bí ó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀?
2. Èwo nínú àdúrà àti ìkíni wa ni ó ti di àkọ́sórí lásán?
3. Kí ni ẹni tí ó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wa yóò sọ nípa èso wa?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, Ìwọ tí ń wo ọkàn, a dúpẹ́ fún ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ àti fún ẹ̀bùn òye. Má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa sáré ju ọkàn wa lọ. Fún wa ní etí tí yóò gbọ́ àwọn tí ohùn wọn kò jáde, àti ọwọ́ tí yóò ṣe ohun tí ẹnu wa bá sọ. Fi àwọn ọmọ wa sí abẹ́ ìṣọ́ rẹ ní ayé ẹ̀rọ tí wọ́n ń dàgbà sí yìí, kí wọ́n má ṣe sọ òye nù. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.